Bí mo ṣe jí kọ̀ǹpútà ọdún 2000 dìde ní Àjàṣẹ́: ọmọńlé gbígbẹ kan, ariwo kan bí ìbọn, àti 27,700 fúráǹkì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé kan, fóònù lọ́wọ́, ó fajú ro. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní, "Tọ́ńtọ̀n, géèmù yìí ló ní àfi kí n kọ́kọ́ ṣe mise à jour (update)." Mo ní kó ṣe é, kí ló le níbẹ̀. Ó ní gbogbo dátà tí òun rà láàárọ̀ ti wọlé sínú rẹ̀, kò sì tíì dé ìdajì. Géèmù bọ́ọ̀lù ni o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan bọ́ọ̀lù kankan láti òwúrọ̀.

Mo sọ fún un pé géèmù kan wà láyé ìjọ́un tó jẹ́ pé dísíkẹ́ẹ̀tì méjì péré ló gbé e, mẹ́gábáìtì 1.44 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá sọ pé èmi àti Ọba Tọ̀fà jọ jẹun rí.

Ni mo bá wọ yàrá ẹrù lọ láti gbé kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ jáde, kó lè mọ̀ pé n kò purọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà mí kó tó mọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, nítorí ẹni tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀.

Ẹ̀rọ náà

Pentium III ni, mẹ́gáhátìsì 800. Ráàmù méjì ló wà nínú rẹ̀, mẹ́gábáìtì 128 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dísìkì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 20, Windows 98 sì ni mo ń lò lórí rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Kútọnu ni mo ti rà á lọ́dún 2003, 150,000 fúráǹkì, látinú owó kan tí a ti dá iṣẹ́ míì fún. Ìyàwó mi ò tíì gbàgbé. Ó ṣiṣẹ́ títí di 2011. Láti ìgbà náà, orí rẹ̀ là ń gbé àpò gàrí lé.

Ohun èlò

Tournevis alágbèélébùú kan tí a fi ń tú ìdè, mítà tí a fi ń wọn iná, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí kò tíì kan ọ̀dà rí, rọ́bà ìpawé ọmọ iléèwé, ọtí 90° tí wọ́n ń tà nílé oògùn, irin ìjó òjé wáàtì 30 (ẹ óò rí i pé kò tó), àti fóònù láti ya àwòrán ohun gbogbo kí n tó tú u.

1. Ṣíṣí

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni kí n ṣí i. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi wáyà rẹ̀ sí iná níwájú ọmọ náà, mo tẹ bọ́tìnì, mo kẹ́sẹ̀ bọra. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ẹja tó jóná díẹ̀. Mo sáré yọ wáyà.

Nígbà tí mo ṣí i, mo rí ibi tí ẹja ti wá: ọmọńlé kan ló kú sínú àpótí iná, sẹ́yìn fáànù gan-an, ó ti gbẹ bí ewé tábà, ìrù rẹ̀ kan wáyà méjì. Èyí tó kù jẹ́ eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́wàá, tó ti lẹ̀ mọ́ra bí àádùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ọ̀sà bíi tiwa mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Gbogbo ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti dípẹtà. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kán sí wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó tú wọn.

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi gbá eruku, níta, pẹ̀lú aṣọ ní imú. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ máa ń bá atẹ́gùn ẹnu jáde.

2. Àpótí iná

Èyí tí àwa níbí ń pè ní alimentation. Ti tẹ́lẹ̀ ti bá ọmọńlé náà lọ. N kò tú u, ẹ má sì tú tiyín: kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lójú iná, iná tó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ ṣì lè wà nínú kàpásítọ̀ ńlá rẹ̀, ẹ̀yà tó ń gba iná pamọ́.

Mo gun zẹ́mì (ọ̀kadà tiwa) lọ sí ọjà Ouando, mo rí òmíràn rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó kó wọn jọ bí iṣu. 4,000 fúráǹkì. Ó ní láti Amẹ́ríkà ló ti dé, pé ojúlówó ni. Inú mi dùn sí ojúlówó yìí débi pé n kò wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bọ́tìnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí 115 àti 230 lára rẹ̀. Tiwọn lọ́hùn-ún, 115 ni. Tiwa níbí, 220 ló ń wọlé. N kò yí i. Mo fi wáyà rẹ̀ sí iná, ó sì dún GBÀÀ! Èéfín funfun yọ, iná ilé lọ, adìẹ aládùúgbò fò gun ògiri, ìyàwó mi sì yọjú láti inú ilé ìdáná pé ṣé a ṣì wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kàpásítọ̀ ńlá méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ 200 fóòtì (volt) sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí bọ́tìnì bá wà ní 230, àwọn méjèèjì jọ máa ń pín ẹrù náà gbé. Tó bá wà ní 115, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń dá gbogbo rẹ̀ gbé. Iná tiwa tó bá dé ibẹ̀ máa ń di nǹkan bí 310 fóòtì. Ẹni tí agbára rẹ̀ mọ ní igba tó gbé ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́wàá, ṣebí ikùn rẹ̀ á bẹ́.

Mo padà sí Ouando. Ọmọkùnrin náà ní òun ti rò pé mo mọ̀. N kò bá a jà, torí mo mọ̀ lóòótọ́. Ojú ló ń kán mi. Èkejì, 5,000. Lọ́tẹ̀ yìí mo yí bọ́tìnì náà níwájú rẹ̀, mo sì fi téèpù dúdú bò ó kí ọmọdé kankan má bàa fọwọ́ yí i.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò kó tó kan pátákó inú ẹ̀rọ yín: kí iná tó wọ inú rẹ̀, ẹ wá wáyà tútù kan (aláwọ̀ ewé) lára ìdì tó pọ̀ jù, ẹ fi irin ìdìwé so ó mọ́ wáyà dúdú kan, kí ẹ tó wá fi wáyà rẹ̀ sí iná. Tí fáànù bá yí, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tèmi fún mi ní 12.1 lórí wáyà ìyeyè, 5.05 lórí pupa, 3.3 lórí wáyà olómi ọsàn. Ó dára.

3. Ó ké

Mo so gbogbo rẹ̀ padà. Fáànù yí, ojú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dúdú kirikiri, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké píííí, píííí, láìdákẹ́. Inú mi dùn. Ọmọ náà ò mọ ìdí tí inú mi fi dùn. Mo ní ẹ̀rọ tó bá lè sunkún, ó ṣì wà láàyè; èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ló yẹ ká bẹ̀rù.

Irú igbe gígùn àìdákẹ́ yẹn, ráàmù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Mo yọ méjèèjì, mo fi rọ́bà ìpawé nu eyín wúrà wọn tó ti dúdú, mo fi ọtí parí rẹ̀, mo tì wọ́n padà títí wọ́n fi dún kẹ́kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Igbe dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yọ lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2011: ó ní òun ò mọ ọjọ́ òní mọ́. Bátìrì pẹlẹbẹ orí pátákó rẹ̀, CR2032, tó yẹ kó ní 3 fóòtì, 0.9 ló kù sí i. 500 fúráǹkì ni tuntun lọ́dọ̀ alátùnṣe aago.

4. Kàpásítọ̀ tó wú

Ó ń tan, ó ń kú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kú. Ìṣẹ́jú méje, ó kú. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin rò pé Windows ni, mo ń fi í sọlẹ̀ léraléra lórí dísìkì tó ń dún kó-kó-kó. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ọmọ náà ló wá tẹjú mọ́ inú rẹ̀ tó ní, "Tọ́ńtọ̀n, àwọn garawa kékeré yìí, kí ló dé tí orí àwọn kan fi rí bí orí búrẹ́dì?"

Márùn-ún ni, nítòsí ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ó yẹ kí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ti wú, omi aláwọ̀ ilẹ̀ sì ti yọ lórí ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láàárín 1999 sí nǹkan bí 2007 ni àrùn yìí bá jà jù: omi inú kàpásítọ̀ tí kò dára kún ọjà káàkiri ayé nígbà náà, ó sì pa ẹ̀rọ olówó àti ti tálákà.

1000 µF (ìwọ̀n iná tí kàpásítọ̀ lè gbà mọ́ra), 6.3 fóòtì ló wà lára wọn. Ohun tí mo rí rà ni 1000 µF, 10 fóòtì, 200 fúráǹkì lẹ́yọ. Fóòtì lè ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Ẹ wò ó dáadáa kó má ga jù ní ìdúró, torí irin tó ń mú ọpọlọ ẹ̀rọ tutù lè tì í. Kí ẹ sì bèèrè èyí tí wọ́n kọ 105°C sí.

Irin wáàtì 30 mi yọ ẹsẹ̀ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹní yọ ẹ̀gún. Ẹsẹ̀ kejì kọ̀ jálẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ bàbà gbòòrò tó wà nínú pátákó, bí irin ṣe ń gbóná ni bàbà náà ń fa ooru rẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo fà á pẹ̀lú agbára, òrùka bàbà kékeré kan sì bá a jáde. Mo fọwọ́ lérán.

Mo gbé e tọ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí rédíò ṣì ń lo gíláàsì. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ń tún un ṣe ni àbí o ń bá a jà?" Ó mú irin wáàtì 60 tirẹ̀, ó kọ́kọ́ fi òjé tuntun kún èyí tó wà níbẹ̀ (èyí jọ mí lójú: ó ní òjé tuntun ló ń jẹ́ kí ti àtijọ́ yọ́), ó mi ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó yọ. Fún ihò tí mo bàjẹ́, ó fi irun wáyà tín-ínrín kan so ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ náà mọ́ ibi tí ọ̀nà bàbà náà ń lọ. Ìlà tó wà lára kàpásítọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òdì, mínọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá gbé e yí, ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń dún ní ìpele kejì.

Ó gba 2,000. Ó ní ti ìmọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni: kí n má fa nǹkan mọ́.

5. Ooru

Mo nu ọ̀rá gbígbẹ kúrò lórí ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú ọtí, mo fi pâte thermique tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn kò kú mọ́.

6. Dísìkì

Dísìkì tó ń dún kó-kó-kó ti parí iṣẹ́. Àwọn fọ́tò 2004 tí mo rò pé mo ti pàdánù, mo rí mẹ́tàdínlógún gbà níbẹ̀ kó tó dákẹ́. Nínú ọ̀kan, mo ṣì ní irun.

N kò fẹ́ dísìkì àtijọ́ míì. Káàdì CompactFlash, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò, lè ṣe bíi dísìkì tí ẹ bá fi ẹ̀rọ ìsopọ̀ kékeré kan sí i. Ẹnìkan tó ń bọ̀ láti Èkó rà á fún mi, ó gba Ìdí-Ìrókò àti Ìgólò wọlé pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpò búrẹ́dì. Gígábáìtì 8 àti ìsopọ̀ rẹ̀, 9,500.

Ẹ̀rọ ò rí i. Wákàtí méjì. Wáyà pẹlẹbẹ kan náà ni káàdì náà àti ẹ̀rọ tó ń ka CD jọ so mọ́, mo sì ti fi àwọn méjèèjì sí ipò ọ̀gá. Ilé kan kì í ní baálé méjì: ẹ fi irin kékeré ẹ̀yìn CD sí "slave", káàdì sí "master". Ó rí i lójú ẹsẹ̀.

7. Kíbọ́ọ̀dù Faransé, dísíkẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, òun náà ló sì bí mi nínú jù.

Kíbọ́ọ̀dù mi, AZERTY ni, bíi ti gbogbo ilé ìṣẹ́ níbí. Dísíkẹ́ẹ̀tì ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ní, ọ̀rẹ́ kan ló ṣe é fún mi ní Èkó lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Tí ẹ̀rọ bá ti ara irú dísíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tan, ó gbà pé kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni gbogbo ayé ń lò. Yorùbá ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń bá ara wa sọ láìsí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó tiwa àti òyìnbó tiwọn ò tíì gbọ́ ara wọn yé.

Mo fẹ́ kọ FORMAT C: /S, àṣẹ tó ń tún káàdì náà ṣe kó lè gbé ẹ̀rọ dìde. Mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó yọ ni FOR;QT. Lẹ́tà A mi ti di Q, M mi ti di àmì ìdánudúró (;). Mo wá kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹni tó bá kàn lè rí i lò:

A wà lórí Q. M wà lórí àmì ìdánudúró kékeré (,). Àmì : jẹ́ Shift pẹ̀lú M. Àmì / wà lórí ìyanu (!). Àmì \ wà lórí ìràwọ̀ (*), lẹ́gbẹ̀ẹ́ Entrée. Nọ́ńbà kò fẹ́ Shift mọ́.

Nítorí náà, kí n tó lè kọ FORMAT, mo ní láti tẹ F, O, R, kọ́mà, Q, T. Ọmọ náà ń kà á sí mi létí, èmi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń ka ofò. Nígbà tí ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, Y tàbí N, mo dáhùn O, fún oui. Ó tún béèrè. Mo tún tẹ O. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìwòsàn rẹ̀: tí KEYB.COM àti KEYBOARD.SYS bá wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ kọ KEYB FR kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́tà mẹ́fà yẹn kò yí ipò padà lórí kíbọ́ọ̀dù méjèèjì, mo wò ó. Tèmi wà níbẹ̀ láti àárọ̀. N kò wò ó.

Mo wá ń rò ó: Faransé gbé é, è, à àti ù síta lórí kíbọ́ọ̀dù, ìka kan ṣoṣo ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wúlò fún wa. Ẹ, ọ àti ṣ ńkọ́? Kò sí. Wọ́n bá wa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ó dàárọ̀.

8. Géèmù

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé sí i ni Doom, abala àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tọrẹ fún gbogbo ènìyàn láti 1993. Ẹ̀rọ 386 pẹ̀lú ráàmù mẹ́gábáìtì 4 lè gbé e. Tèmi ní 256, ṣe ni ó dà bí ìgbà tí kàmíọ̀ bá gbé àgbọn kan ṣoṣo.

Èkejì jẹ́ géèmù ọkọ̀ ìje kan tí mo ti ní láti ayé 386. Mo tẹ Entrée, ìje bẹ̀rẹ̀, ìje parí, mo ti fọ́ ọkọ̀ mẹ́ta kí n tó mí. Àwọn tó ṣe é kò wo aago. Bí ẹ̀rọ bá ṣe yára ni ọkọ̀ ṣe ń sáré. Ẹ tẹ Suppr (Delete) bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tan kí ẹ wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ orí pátákó rẹ̀, ẹ pa cache inú àti cache òde, ìrántí kékeré tó ń jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ yára, ẹ tọ́jú rẹ̀. Pentium III á di arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ọkọ̀ á sì máa sáré bó ṣe yẹ. Mo fi 27,700 jí ẹ̀rọ dìde, mo tún wá dá a lẹ́sẹ̀ kó má yára jù. Ẹ má bi mí ní ìdí. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan míì, ẹ rántí ṣí cache padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows á gba àkókò tí ẹ lè fi se ẹ̀wà.

Owó

Àpótí iná tó bẹ́ 4,000, èyí tó dúró 5,000, bátìrì 500, kàpásítọ̀ márùn-ún 1,000, òjé àti okùn tó ń fà á 1,500, ọ̀gá rédíò 2,000, pâte thermique 1,000, káàdì àti ìsopọ̀ 9,500, ọtí 800, zẹ́mì lálọ-lábọ̀ 2,400. Àpapọ̀ 27,700. Iye tí mo sọ fún ìyàwó mi kéré sí i díẹ̀.

Ohun tó kù

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn apá òsì ń dún ṣáá-ṣáá. Ìdè méjì ṣì sọnù lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ náà jókòó sídìí Doom lọ́sàn-án Sátidé karùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yíjú sí mi. "Tọ́ńtọ̀n, àwọn tó kù dà?" Àwọn wo? "Àwọn tá a jọ ń ṣe é." Mo ní kò sí ẹnìkankan, ìwọ àti àwọn ẹbọra yẹn ni. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò sì ní kí n ra nǹkan kan?" Mo ní rárá. Ó yí padà sí iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí aago méje ìrọ̀lẹ́, tó ti dé ìpele keje, tí iná lọ fùú.

Mo ti gbàgbé láti sọ fún un pé géèmù yìí kì í fúnra rẹ̀ tọ́jú ibi tí èèyàn dé. Ẹni tó ń ṣe é ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó jókòó sínú òkùnkùn, kò sọ̀rọ̀.

Ní Sọ́ńdè, kí n tó jẹ ẹ̀kọ tán, ó ti dé, ó gbé onduleur lérí, ẹ̀rọ tó ń gbé iná pamọ́ kí kọ̀ǹpútà má bàa kú lójijì. Mo ní níbo lo ti rí èyí. Kò tíì dáhùn tí fóònù mi fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ó ní, "Àbúrò, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹni tó gbé onduleur mi, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà?"